Kòkòrò Ìbàdàn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń ka irú wọn, àti ohun tí ìlò ilẹ̀ ń ṣe sí wọn

Àwọn àgbẹ̀, olùkọ́, ọmọ ilé-ìwé àti onílé ló máa ń béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí nígbà tí ọ̀rọ̀ kòkòrò bá délẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni mo kọ ìdáhùn wọn fún, láti Mọ́níyà títí dé Ìdí-Ayùnrẹ́. Ẹ lè fo èyí tẹ́ ẹ bá ti mọ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibi tí ìṣirò wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́.

Tí ẹ bá ní "onírúurú kòkòrò", ṣé bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó lẹ ń sọ?

Rárá o. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni iye orí: kòkòrò mélòó la rí. Èkejì ni iye irú: irú kòkòrò mélòó ló wà nínú àwọn tí a rí. Ẹ̀kẹta ni bí iye orí náà ṣe pín sáàárín àwọn irú: ṣé irú kan ló gba gbogbo àyè ni, àbí wọ́n jọ pín in.

Ẹ wo ọjà Bódìjà. Tí ìsọ̀ 100 bá wà, tí 97 ń ta tòmátì, tí ọ̀kan ń ta ẹ̀wà, tí ọ̀kan ń ta èlùbọ́, tí ọ̀kan ń ta ẹran, ẹ ò ní sọ pé ọjà náà kún fún oríṣiríṣi nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣi mẹ́rin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àgbàlá tí èèrà kún fọ́fọ́ lè rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kòkòrò, tí kì í ṣe ẹyẹ tàbí ẹranko?

Nítorí pé àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú gbogbo ẹranko ayé. Irú kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ tó mílíọ̀nù 1, wọ́n sì fojú bù ú pé gbogbo irú tó wà lè tó mílíọ̀nù 5.5. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún lórúkọ pọ̀ ju èyí tó ti lórúkọ lọ fíìfíì. Ní 1982, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Terry Erwin kọ ìròyìn nípa àwọn kòkòrò tó fi èéfín oògùn gbọ̀n sílẹ̀ láti orí igi 19 péré ní Panama, tí gbogbo igi náà jẹ́ irú kan ṣoṣo. Irú kòkòrò abìyẹ́-líle (àwọn bíi yímíyímí) tó rí níbẹ̀ tó bíi 1,200.

Ìdí kejì ni pé ẹ̀mí kòkòrò kúrú, ibi tó sì ń gbé kéré. Kòkòrò kan lè lo gbogbo ayé rẹ̀ lábẹ́ igi kan. Tí wọ́n bá gé igi náà lónìí, kò ní pẹ́ tí àyípadà á fi hàn. Ẹyẹ lè fò lọ síbòmíràn, ó lè gbé ọdún mélòó kan kó tó hàn pé nǹkan ti bàjẹ́.

Àǹfààní wo ni wọ́n ń ṣe fún wa gan-an?

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkó, torí ọmọ Ìbàdàn ni wá. Oyin kọ́ ló ń gbé àtíkè òdòdó kòkó, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tí òdòdó nílò kó tó lè so, láti orí igi kan sí òmíràn. Òdòdó náà kéré, ó sì ṣòro wọ̀. Kòkòrò wínníwínní kan tó jọ kantíkantí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Forcipomyia, ló ń ṣe iṣẹ́ náà jù. Inú ewé tó ń jẹrà, inú èpo kòkó tí a kó jọ, àti inú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń rà ló ń yé sí. Àgbẹ̀ tó bá gbá oko rẹ̀ mọ́ tónítóní, tó kó gbogbo ewé àti èpo jáde, tó ń retí pé kòkó á so dáadáa, ó ti wó ilé ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó dùn mí pé a kì í sọ èyí fún àwọn àgbẹ̀ tó bó ṣe yẹ. A gbọ́dọ̀ kó èso tí àrùn ti mú kúrò lóko lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé jíjẹrà kì í ṣe ìdọ̀tí.

Ọ̀pẹ náà ní alábàáṣiṣẹ́ tirẹ̀. Kòkòrò kékeré kan, Elaeidobius kamerunicus, ló ń gbé àtíkè ọ̀pẹ láti orí akọ dé orí abo. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Nígbà tí àwọn ará Malaysia rí i pé ọ̀pẹ tiwọn kò so bó ṣe yẹ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ènìyàn da àtíkè sórí rẹ̀, wọ́n wá mú kòkòrò yìí ní Cameroon, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní 1981. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dópin. Ohun tí wọ́n rìn jìnnà wá gbà wà lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wá wo yímíyímí tó ń rì ìgbẹ́ màlúù mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀ fi ń lọ́ràá. Ẹ wo ikán tó ń la ilẹ̀ tí omi fi ń wọ inú rẹ̀. Ẹ wo lámilámi tó ń jẹ ẹ̀fọn. Ẹ wo kòkòrò tó ń ṣe òwú sányán: ọ̀kan nínú wọn, Anaphe venata, ewé igi arère ni ìdin rẹ̀ ń jẹ. Nígbà tí a bá gé arère tán fún pákó, a ti gé oúnjẹ rẹ̀ náà. Nínú irúgbìn pàtàkì 115 tí aráyé ń jẹ, 87 ló nílò kòkòrò tàbí ẹranko mìíràn lọ́nà kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó so dáadáa. Ẹ̀gúsí wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀. Àgbàdo kò sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú wọn kí wọ́n tó kà wọ́n?

Kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè mú gbogbo wọn, torí ibi tí wọ́n ń gbé yàtọ̀ síra.

Fún àwọn tó ń rìn nílẹ̀, ọ̀fìn ni. Ẹ gbẹ́ ihò, kẹ́ ẹ ki ife ike bọ̀ ọ́, kí ètè ife náà sì dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Tí ètè bá yọ sókè díẹ̀, èèrà á kàn yí i ká lọ. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ olómi bíńtín sí omi náà kí kòkòrò má lè fẹsẹ̀ tẹ ojú omi jáde. Ẹ fi àwo ike bò ó lókè lórí igi tín-ínrín mẹ́ta, kí òjò má baà kún un, kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ tí kòkòrò lè gbà wọlé. Ife 10 ní ibì kan, kí ìtàkété sí ara wọn tó mítà 5 ó kéré tán, fún ọjọ́ 2. Ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Fún oyin, eṣinṣin àti agbọ́n, abọ́ aláwọ̀ ìyeyè ló dára, pẹ̀lú omi ọṣẹ bákan náà. Wọ́n á rò pé òdòdó ni. Fún labalábá inú igbó, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rà dáadáa sínú àwọ̀n tí a fi kọ́ igi. Fún àfòpiná, ẹ ta aṣọ funfun, kẹ́ ẹ tan iná síwájú rẹ̀ lálẹ́; iná sólà tó fún un, ẹ ò ní láti dúró de NEPA. Fún àwọn tó wà lórí koríko, àwọ̀n ọlọ́wọ́ ni, ẹ fi gbá koríko bí ẹ ṣe ń rìn, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ gbá a.

Àwọn onímọ̀ tún ní pàkúté tó dà bí àgọ́, tí René Malaise, ará Sweden, ṣe ní bíi àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó ti rí i pé kòkòrò tó bá wọ àgọ́ tí òun ń sùn sí kì í wá ojú ọ̀nà tó gbà wọlé mọ́, òkè ló máa ń gùn lọ. Ló bá ṣe àgọ́ tí ìgò wà lókè rẹ̀. Pàkúté yẹn lágbára gan-an. Ó máa ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹni tí kò ní ìdí gúnmọ́ gbé e kalẹ̀.

Ṣé dandan ni ká pa wọ́n?

Kì í ṣe dandan. Labalábá, lámilámi àti oyin ńlá ṣeé wò kí a sì tú wọn sílẹ̀, tàbí ká fi fóònù ya àwòrán wọn. Ẹ lè lo ọ̀fìn láìbu omi sí i, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn tó kéré jù ni a kì í lè dá mọ̀ láìfi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò wọ́n.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ni kòkòrò máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ yàn kò ṣe pàtàkì tó pé kẹ́ ẹ wọn gbogbo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi wéra ní ìgbà kan náà. Ẹni tó gbé ọ̀fìn sí igbó nínú oṣù Karùn-ún, tó wá gbé òmíràn sí oko nígbà ọyẹ́, tó ní oko kò ní kòkòrò, òjò àti ọyẹ́ ló fi wéra. Irú pàkúté kan náà, iye kan náà, ọjọ́ kan náà. Mi ò mọ òfin tó ju èyí lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Mo ti mú wọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ irú tí wọ́n jẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ pín wọn sí ìdílé ńlá: èèrà, labalábá, eṣinṣin, ikán, tata, àwọn abìyẹ́-líle bíi yímíyímí. Lẹ́yìn náà, nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àwọn tó jọra sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: èèrà 1, èèrà 2, èèrà 3. Kò di dandan kẹ́ ẹ mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é kẹ́ ẹ tó lè kà á. Ohun tó ṣe kókó ni pé èèrà 2 tòní gbọ́dọ̀ jẹ́ èèrà 2 ọ̀la, nítorí náà ẹ tọ́jú ọ̀kan nínú ọtí líle tàbí ẹ ya àwòrán rẹ̀ dáadáa.

Ẹ kíyè sí i pé akọ àti abo irú kan lè yàtọ̀ síra pátápátá, ìdin kì í sì í jọ ìyá rẹ̀. Níbi tí ojú ò bá lè dá a mọ̀, Ìbàdàn ní ibi tí a ti lè béèrè: IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, ní àwọn onímọ̀ kòkòrò, Yunifásítì Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹranko. Láti 2003 ni àwọn onímọ̀ tún ti ń lo ọ̀nà kan tí Paul Hebert ará Kánádà dábàá, níbi tí wọ́n ti ń ka apá kékeré kan nínú DNA kòkòrò, tí wọ́n á fi wé àwọn tó ti wà nínú àkọsílẹ̀. Lórí fóònù, iNaturalist lè bá yín dábàá orúkọ láti inú àwòrán. Ó mọ labalábá dáadáa, kò mọ èèrà kéékèèké tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n Shannon àti Simpson. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Tayọ̀tayọ̀. Ìṣirò méjì tí a fi ń wọn onírúurú kòkòrò ni wọ́n. Kò le tó bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé.

Ká ní a mú kòkòrò 100 nínú oko kòkó kan, irú 4 ni, 25-25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. A tún mú 100 nínú àgbàlá tí wọ́n ti fi íńtálọ́ọ̀kì bò, irú 4 ni, ṣùgbọ́n èèrà kan ṣoṣo kó 97, àwọn mẹ́ta yòókù sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ka irú nìkan, 4 àti 4 ni, a ó ní wọ́n dọ́gba. Ojú sì rí i pé wọn ò dọ́gba.

Ọ̀nà ti Edward Simpson, tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1949, ni pé: ẹ mú ìpín irú kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fún àgbàlá, 0.97 lọ́nà 0.97 jẹ́ 0.9409, 0.01 lọ́nà 0.01 lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́ 0.0003. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.9412. Ẹ fi pín 1, ẹ ó rí 1.06. Fún oko kòkó, ìṣirò kan náà á fún yín ní 4. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àgbàlá náà ń ṣe bí ibi tí irú kòkòrò kan àti díẹ̀ ń gbé, oko kòkó sì ń ṣe bí ibi tí irú mẹ́rin ń gbé.

Claude Shannon kò ronú kan kòkòrò rárá ní 1948. Ọ̀rọ̀ fífi ìròyìn ránṣẹ́ lórí wáyà ló ń ṣiṣẹ́ lé. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ló yá ìṣirò rẹ̀ lò, torí ó máa ń ka àwọn irú tó ṣọ̀wọ́n sí ju ti Simpson lọ. Tí a bá fi í ṣírò àgbàlá wa yẹn, tí a sì dá a padà sí iye irú, 1.18 ló máa jáde. Ní 1973, Mark Hill fi hàn pé iye irú lásán, Shannon àti Simpson jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: 4, 1.18, 1.06. Èyí àkọ́kọ́ ń ka ẹyọ kan ṣoṣo bí ẹni ń ka ọ̀gọ́rọ̀, èyí tó kẹ́yìn ń wo àwọn tó pọ̀ nìkan. Tí mo bá rí ìròyìn tó mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, mo máa ń béèrè àwọn méjì yòókù.

Ẹ ò lè mú gbogbo wọn tán. Báwo lẹ ṣe mọ èyí tó ṣẹ́ kù?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyí. Ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá pọ̀, ó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ mìíràn wà tẹ́ ẹ ò tíì rí. Anne Chao, ará Taiwan, sọ èyí di ìṣirò ní 1984. Ká ní ẹ rí irú 30, mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ ẹyọ kan péré, márùn-ún jẹ́ méjì péré. Ẹ mú 10 lọ́nà 10, ó jẹ́ 100. Ẹ fi ìlọ́po méjì 5, ìyẹn 10, pín in. Ó jẹ́ 10. Ẹ fi kún 30. Ó kéré tán, irú 40 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí kò bá sí èyí tẹ́ ẹ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́, iṣẹ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbẹ̀.

Ó dáa. Kí ni ìlò ilẹ̀ ń ṣe sí wọn ní agbègbè wa?

Ìbàdàn jókòó sí ààlà igbó àti ọ̀dàn. Kòkòrò igbó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ti ọ̀dàn ń ti òkè bọ̀, wọ́n pàdé lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí ohun tí à ń pàdánù nígbà tí a bá ro ilẹ̀ tàbí kọ́lé fi pọ̀.

Nínú igbó tó ní òjìji, ilẹ̀ tútù, ewé bò ó, igi tó wó ń jẹrà níbẹ̀. Tí a bá gé e, oòrùn á kan ilẹ̀ ní tààrà. Àwọn kòkòrò ara rírọ̀ tí kò lè fara da ooru ló máa kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń jẹ igi kan pàtó, bí ìdin tó ń jẹ arère. Lára ikán, àwọn tó ń jẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tí wọn kì í jẹ igi, ni gígé igbó máa ń pa jù; àwọn tó ń jẹ igi àti koríko gbígbẹ lè kù. Nítorí náà, ẹni tó rí ọ̀gán ńlá nínú oko rẹ̀ tó ní "ikán ṣì pọ̀" ń wo irú díẹ̀ tó kù ni. Yímíyímí igbó náà kì í sáábà rìn jáde sí gbangba oko.

Oko kòkó àtijọ́ tí àwọn bàbá wa fi ìrókò, arère àti obì sílẹ̀ sí láàárín kò jọ igbó, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Òjìji wà, ewé wà nílẹ̀, igi tí ìdin lè jẹ wà. Ìwádìí láti ilẹ̀ olóoru káàkiri ayé ti fi hàn léraléra pé oko kòkó abẹ́ igi ńlá máa ń ní irú kòkòrò ju oko kòkó inú oòrùn gbangba lọ. Tí ẹ bá ní oko bẹ́ẹ̀ lọ́nà Ìdí-Ayùnrẹ́ tàbí Ọ̀nà-Àrà, tí ẹnìkan wá ní kẹ́ ẹ gé gbogbo igi òkè kí kòkó lè so kíákíá, ẹ rò ó dáadáa.

Oko àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ tí a ń ro lọ́dọọdún wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Bó bá kéré, tí ìgbòrò (ilẹ̀ tí a ti ro rí, tí a wá fi sílẹ̀) yí i ká, tí ilẹ̀ ń sinmi fún ọdún mélòó kan, kòkòrò á padà wá láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá tóbi lọ salalu, tí a kò fi ààlà sílẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n á ti padà wá. Jíjìnnà sí igbó tó kù náà ní agbára tirẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ká ní ibi mẹ́ta ní irú 20-20. Bí irú ibi kọ̀ọ̀kan bá yàtọ̀ pátápátá, agbègbè náà ní 60. Bó bá jẹ́ 20 kan náà ló wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 20 náà ni. Robert Whittaker ló kọ́kọ́ ya ìwọ̀n ibì kan, ìwọ̀n ìyàtọ̀ láàárín ibi, àti ìwọ̀n gbogbo agbègbè sọ́tọ̀ ní 1960. Ewu tó wà ní Ìbàdàn ni pé Ìdó, Àkínyẹlé àti Ẹgbẹ́dá lè wá jọra wọn, kí èèrà kan náà, eṣinṣin kan náà àti aáyán kan náà máa gbé níbi gbogbo. Ẹni tó bá wọn ibì kan ṣoṣo kò lè rí àdánù yẹn.

Ṣé tí mo bá wọn labalábá nìkan, ó tó fún gbogbo kòkòrò?

Kò tó. Ní 1998, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní igbó Mbalmayo ní Cameroon jáde. Wọ́n wọn ẹyẹ, labalábá, àwọn abìyẹ́-líle, èèrà, ikán àti aràn inú ilẹ̀, láti inú igbó tí a kò fọwọ́ kàn dé ilẹ̀ tí a ti gé kodoro. Kò sí ẹgbẹ́ kan tó lè dúró fún àwọn yòókù. Ibi tí labalábá ti pọ̀ lè jẹ́ ibi tí ikán ti dínkù. Tí agbára yín bá mọ sórí ẹgbẹ́ kan, ẹ wọn ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé labalábá lẹ wọn. Ẹ má sọ pé kòkòrò.

Ẹ ní kòkòrò ń dínkù. Kí ló dé tí ẹ̀fọn ń pọ̀ sí i ládùúgbò wa?

Nítorí pé ohun tó ń lé àwọn yòókù lọ ń kọ́lé fún ẹ̀fọn ni. Gọ́tà tí omi dídọ̀tí dúró sí ni Culex, ẹ̀fọn tó ń kùn létí wa lóru, ń fẹ́. Táyà àtijọ́, agolo àti kẹ́ẹ̀gì tí òjò rọ sí ni Aedes aegypti ń yé sí. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Lámilámi tó yẹ kó jẹ ẹ̀fọn àti ìdin rẹ̀ nílò omi tó mọ́ díẹ̀, tó sì ní koríko létí. Odò Ògùnpa, lẹ́yìn omíyalé oṣù Kẹjọ 1980, ni wọ́n fi kọnkéré kọ́ etí rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò gan-an. Síbẹ̀, etí odò kọnkéré kò ní ewéko tí lámilámi lè bà lé.

Èyí gan-an ni ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ irú ju iye lọ. Ìlú lè kún fún kòkòrò, kó sì tòṣì ní irú.

Tata tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ náà ló fà á?

Ilẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ewé Akíntọ́lá, tó dé ilẹ̀ wa láti Amẹ́ríkà nígbà àwọn òyìnbó, máa ń gba ilẹ̀ tí a ti gé tí a sì pa tì. Òdòdó rẹ̀ máa ń fa tata aláwọ̀ mèremère, Zonocerus variegatus, ó sì ń rí èròjà kíkorò nínú rẹ̀ tó fi ń dáàbò bo ara àti ẹyin rẹ̀. Níbi tí ewé Akíntọ́lá bá gbilẹ̀ létí oko, tata á pọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé tútù ṣọ̀wọ́n, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n á dojú kọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kó ẹyin sí nínú ilẹ̀ tó ní òjìji, kẹ́ ẹ hú u sókè kí oòrùn pa á. Ó sàn ju oògùn lọ.

Oògùn apakòkòrò ńkọ́? Ṣé ká má lò ó mọ́ ni?

Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kòkòrò ń jẹ oko rẹ̀ run. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ má fọ́n ọn nígbà tí òdòdó yọ, kẹ́ ẹ má fọ́n ọn ní òwúrọ̀ tí oyin wà níta, kẹ́ ẹ má sì fọ́n ọn "kó má baà wá". Lindane, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ayé ijọ́un fi ń pa kòkòrò, ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Stockholm fi sí ara àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì ní 2009. Ní 2018, àwọn orílẹ̀-èdè European Union fòfin de oògùn apakòkòrò mẹ́ta, imidacloprid, clothianidin àti thiamethoxam, ní gbangba oko nítorí oyin. Ẹ wo orúkọ èròjà tó wà lára ike kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ má wo orúkọ tí oníṣòwò fún un nìkan.

Ṣé gbogbo kòkòrò ló yẹ ká dáàbò bò, títí kan àwọn tó ń ba oko jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ẹ̀gẹ́ dáhùn. Ní 1973, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà fara hàn lórí ẹ̀gẹ́ ní Congo, ó sì tàn kálẹ̀ ní Áfíríkà. Hans Herren, ará Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA níbí ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀tá rẹ̀ dé ilẹ̀ tó ti wá. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n bíńtín kan, Anagyrus lopezi, tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò funfun náà. Ní 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó gba oúnjẹ mílíọ̀nù ènìyàn là; ní 1995 wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé. Ká ní agbọ́n yẹn ti run ní Paraguay kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà, kí là bá fi wo ẹ̀gẹ́ wa sàn?

Igbó IITA, ṣé ẹgàn látayébáyé ni?

Rárá, ìyẹn sì ni apá tó ń fún mi nírètí jù. Oko ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà kí wọ́n tó dá IITA sílẹ̀ ní 1967. Nínú nǹkan bíi hẹ́kítà 1,000, wọ́n fi bíi 350 sílẹ̀, igbó sì padà hù. Ibẹ̀ ni a ṣì ti lè rí ẹ̀gà pupa-òun-dúdú tí a fi orúkọ ìlú wa sọ, Malimbus ibadanensis, tí Elgood ti Yunifásítì Ìbàdàn júwe ní 1958. Kòkòrò ló ń jẹ jù. Wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu.

Kí ni àwọn tó ti wọn kòkòrò fún ọjọ́ pípẹ́ rí?

Ní Jámánì, nínú ibi àbójútó 63, ìwúwo àpapọ̀ kòkòrò tó ń fò fi ohun tó lé ní ìdá 75 nínú 100 dínkù láàárín ọdún 27. Ìròyìn náà jáde ní 2017. Ní 2020, àkójọ ìwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi hàn pé kòkòrò orí ilẹ̀ ń dínkù ní bíi ìdá 9 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé inú omi ń pọ̀ sí i ní bíi ìdá 11. Ní 2022, ìwádìí mìíràn rí i pé ibi tí iṣẹ́ oko alágbára àti ooru ayé ti pàdé ní kòkòrò tó fi ìdá 49 nínú 100 kéré ju ibi tí kò tíì bàjẹ́ púpọ̀ lọ, irú wọn sì fi ìdá 27 kéré.

Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti wá. Áfíríkà kò ní tó. Ẹni tó bá gbé ọ̀fìn mẹ́wàá kalẹ̀ ní Mọ́níyà lọ́dọọdún, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè bá wa ṣe.

Ṣé aláǹtakùn, ọ̀kùn àti àkekèé wà lára kòkòrò tí à ń kà?

Wọn kì í ṣe kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n á bọ́ sínú ọ̀fìn yín. Ẹ kà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣé mo nílò àṣẹ?

Nínú oko tàbí àgbàlá yín, rárá. Nínú oko ẹlòmíràn, ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ onílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé kó má rò pé oògùn lẹ wá rì. Nínú igbó ìjọba bíi ti Gambari, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́gbó. Igbó orò àti igbó òrìṣà, ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ àti àwọn tó ni ín kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀.

Pulọ́ọ̀tì kan péré ni mo ní. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ má fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ lásán àti ewé jíjẹrà. Ọ̀pọ̀ oyin tí kì í gbé inú ilé afárá ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ lásán. Ẹ gbin ohun tó ń yọ òdòdó ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ewúro tẹ́ ẹ jẹ́ kó dàgbà, ẹ̀fínrín, ìbẹ́pẹ, ọsàn. Ẹ pa iná ìta tí kò wúlò lóru, nítorí àfòpiná máa ń yí i ká títí tí á fi kú. Ẹ da omi inú táyà nù. Tí àwọn aládùúgbò bá ní igun yín dọ̀tí, ẹ ṣe ọgbà kékeré yí i ká, wọ́n á rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ni mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀?

Ọjọ́ àti wákàtí tẹ́ ẹ gbé pàkúté kalẹ̀ àti èyí tẹ́ ẹ kó o. Ibi tó wà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí fóònù yín fún un lórí àwòrán ilẹ̀. Irú ilẹ̀ tó jẹ́: igbó, ìgbòrò, oko kòkó, oko àgbàdo, àgbàlá. Ọjọ́ tí wọ́n fọ́n oògùn síbẹ̀ kẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá rọ̀. Iye pàkúté tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ àti iye tí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé dà nù. Lẹ́yìn náà, irú kọ̀ọ̀kan àti iye orí rẹ̀, títí kan pàkúté tí ẹ kò rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ kọ òdo síbẹ̀, ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.